Kọ̀ǹpútà, búlọ́ọ̀gì àti òfin ètò-ẹ̀kọ́: àwọn ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ tíṣà, ó sì ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ń kọ ohun tí ojú mi ń rí nínú kíláàsì sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìbéèrè kan náà ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi àti àwọn òbí ń gbé wá lóríṣiríṣi ọ̀nà, ni mo bá kó wọn jọ síbí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ń retí kí n sọ pé ẹ̀rọ ló máa gba ilé-ẹ̀kọ́ là, tàbí pé ẹ̀rọ ló bà á jẹ́, ẹ má bínú, ẹ ò ní rí ìyẹn níbí.

Ṣé kọ̀ǹpútà máa ń jẹ́ kí ọmọ mọ̀wé sí i?

Kọ̀ǹpútà nìkan? Rárá.

Ìlérí yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Lọ́dún 1913, Thomas Edison sọ fún ìwé ìròyìn kan pé kò ní pẹ́ mọ́ tí ìwé yóò fi kásẹ̀ nílẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́, pé sinimá ni wọn yóò máa fi kọ́ni, àti pé láàárín ọdún 10 gbogbo nǹkan yóò ti yí padà. Ó ti ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ báyìí, ìwé ṣì wà nínú àpò àwọn ọmọ. Lẹ́yìn sinimá ni rédíò dé, lẹ́yìn rédíò ni tẹlifíṣọ̀n, kálukú wọn ló sì mú ìlérí tirẹ̀ dání.

Àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò jù ni ti orílẹ̀-èdè Peru. Lọ́dún 2005, Nicholas Negroponte kéde ètò One Laptop per Child: kọ̀ǹpútà alágbèéká tí owó rẹ̀ kò ní ju 100 dọ́là lọ, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Peru gba èyí tó ju 800,000 lọ. Nígbà tó yá, àwọn olùṣèwádìí yẹ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ 319 wò ní ìgbèríko, àwọn kan ti gba ẹ̀rọ, àwọn kan kò tíì gbà á. Níbi tí wọ́n ti gbà á, kọ̀ǹpútà ti pọ̀ ju orí ọmọ lọ, àwọn ọmọ sì ń lò ó. Àmọ́ nínú ìṣirò àti èdè, wọn ò rí i pé ó mú ìyàtọ̀ kankan wá. Ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ tíṣà, àmọ́ wọn ò là á yé e tó ohun tó máa fi ṣe nínú ẹ̀kọ́.

Tèmi ò tó ti Peru, ṣùgbọ́n mo rí tèmi náà. Lọ́jọ́ tí tábúlẹ́ẹ̀tì kọ́kọ́ wọ kíláàsì mi, ogójì ìṣẹ́jú ni mo ní. Mẹ́tàdínlógún nínú rẹ̀ bá páswọ́ọ̀dù lọ. Lẹ́tà ńlá, lẹ́tà kékeré, nọ́ńbà àti àmì ìyanu ni páswọ́ọ̀dù náà ní, fún ọmọ ọdún méje! Ọmọbìnrin kan ṣọgbọ́n, ó fi báírò kọ tirẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́. Nígbà tó fi máa kàn án, òógùn ti nu lẹ́tà méjì tó gbẹ̀yìn kúrò. Ó wò mí, mo wò ó.

Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń kọ búlọ́ọ̀gì, pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀?

Mo máa ń gbàgbé nǹkan ni. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà gan-an, búlọ́ọ̀gì, kò tíì dàgbà. Lọ́dún 1997 ni Jorn Barger pe ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí ènìyàn ń kọ nǹkan sí déédéé ní "weblog", Peter Merholz wá fi ṣeré lọ́dún 1999 títí ó fi di "blog", ọdún yẹn náà ni Blogger sì dé, tí ẹni tí kò mọ ohunkóhun nípa iṣẹ́ kọ̀ǹpútà fi lè kọ nǹkan kó sì gbé e síta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, bí tíṣà bá ní ọ̀rọ̀ fún tíṣà mìíràn tó wà lọ́nà jíjìn, àfi kí olóòtú ìwé ìròyìn kan yọ̀ǹda fún un.

Lọ́jọ́ kan mo béèrè ní kíláàsì pé èwo ló tóbi jù, ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìdá kan nínú mẹ́rin? Ọmọkùnrin kan nawọ́ fìrì. "Ìdá kan nínú mẹ́rin, sà. Mẹ́rin ju mẹ́ta lọ." Àwọn yòókù ò rẹ́rìn-ín, torí ohun tí púpọ̀ nínú wọn náà ń rò nìyẹn. Èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di alẹ́, mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹ̀fẹ̀, mo sì ní láti ṣàlàyé ibi tí ọmọ náà ti rí i. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti dúró. Ẹnu mi ló ti gbọ́ ọ. Odindi ọdún kan ni mo fi ń sọ fún wọn pé nọ́ńbà tó bá ga jù ló tóbi jù, mi ò sì sọ fún wọn rí pé ọ̀rọ̀ yẹn níbi tó ń parí sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo pín bébà méjì méjì fún wọn. Wọ́n ká ọ̀kan sọ́nà mẹ́ta, wọ́n ká èkejì sọ́nà mẹ́rin, wọ́n gé ẹyọ kọ̀ọ̀kan nínú méjèèjì, wọ́n gbé e lé ara wọn. Ọmọkùnrin yẹn ló kọ́kọ́ pariwo.

Ká ní mi ò kọ ọ́ ni, ẹ̀rín yẹn nìkan ni mi ò bá rántí.

Ta ni yóò ka ohun tí mo bá kọ?

Bóyá ènìyàn mẹ́sàn-án. Ìpàdé àwọn tíṣà tẹ́ ẹ lọ kẹ́yìn, ènìyàn mélòó ló ń fetí sílẹ̀ níbẹ̀?

Kí ni mi ò gbọdọ̀ kọ?

Orúkọ ọmọ, àwòrán ojú rẹ̀, àìsàn rẹ̀, máàkì rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé wọn. Ìyẹn ò ṣòro. Èyí tó ṣòro ni pé kò dìgbà tí a bá dárúkọ kí wọ́n tó mọ ẹni tí à ń bá wí.

Mo kọ̀wé nígbà kan nípa ọmọ kan tí kì í lè kàwé sókè níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Mi ò dárúkọ rẹ̀, mi ò sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ pé okùn bàtà rẹ̀ kan pupa, èkejì funfun, torí mo rò pé ó máa dùn-ún kà. Ọjọ́ kẹta ni ìyá rẹ̀ wọlé tọ̀ mí wá. Kò pariwo. Ó ní, "Tíṣà, kí ẹ lè kọ́ ọmọ mi ni mo ṣe mú un wá. Mi ò ní kí ẹ kọ ọ́ fún aráyé kà." Mi ò rí èsì kankan fún un ju ẹ̀bẹ̀ lọ. Mo yọ ọ́ kúrò lójú ẹsẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀dà rẹ̀ ṣì ń jáde fún ọ̀sẹ̀ bíi mẹ́ta nígbà tí ènìyàn bá wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Látìgbà náà, mo máa ń dúró ó kéré tán sáà kan kí n tó gbé ọ̀rọ̀ ọmọ síta. Mo lè pa ọmọ méjì pọ̀ di ọ̀kan. Mo sì máa ń yí ohun tí kò kan ẹ̀kọ́ padà. (Àwọ̀ okùn bàtà tí mo dárúkọ lókè yìí, mo ti yí i padà.)

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wa ò fẹ́ kí tíṣà máa kọ nǹkan síta. Ṣé kí n lo orúkọ mìíràn?

Mi ò gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀. Níbi tí tíṣà ò ti ju ogún lọ, gbólóhùn mẹ́ta ni wọ́n máa kà kí wọ́n tó mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ ka ìwé àdéhùn iṣẹ́ yín ná. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ méjì, ẹ mú un lọ bá ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó kà á kó tó jáde. Ọ̀pọ̀ ọ̀gá, ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ni kí wọ́n má bá orúkọ wọn níta láìròtẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó bá sì jẹ́ ti inú bíbí, ẹ kọ ọ́ tán, kẹ́ ẹ fi pamọ́.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Ṣé kí wọ́n máa kọ?

Bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ tó mọ̀ pé tíṣà nìkan ló máa ka ìwé òun, máàkì ló ń kọ ọ́ fún. Bó bá mọ̀ pé ẹgbẹ́ òun máa kà á, ó máa ń padà sídìí gbólóhùn rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Lọ́dún 2012, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 9 kan ní Scotland ń ya àwòrán oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n ń fún un nílé-ẹ̀kọ́ sórí búlọ́ọ̀gì rẹ̀, ó ń fún oúnjẹ náà ní máàkì, ó ń ka iye òkèlè tó wà níbẹ̀, ó tún ń ka iye irun tó bá bá nínú rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹfà, ìjọba ìbílẹ̀ ní kò gbọdọ̀ ya àwòrán mọ́. Ariwo sọ káàkiri ayé, kíá ni wọ́n yí ohùn padà. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn nítorí irun. Àgbàlagbà tó bá ń kọ ìròyìn nípa oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́, kò jẹ́ rántí kíka irun.

Ẹ má kàn fi wọ́n sílẹ̀ sójú ayé o. Inú kíláàsì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, lójú-ìwé tó ní ìlẹ̀kùn: ẹnì kan kọ, ẹni méjì kà á, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

Níbo ni kí n kọ ọ́ sí?

Ibikíbi tó bá lè jẹ́ kẹ́ ẹ kó gbogbo ìwé yín jáde lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ. GeoCities, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe ojú-ìwé tiwọn, bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1994, ó sì kógbá sílé lọ́dún 2009. Posterous, tí àwọn kan ń kọ búlọ́ọ̀gì sí, parí lọ́dún 2013, ọdún yẹn kan náà ni Google pa Google Reader tí ọ̀pọ̀ wa fi ń ka búlọ́ọ̀gì ara wa. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà tiyín sílé.

Akẹ́kọ̀ọ́ ń fi òye àtọwọ́dá kọ iṣẹ́ àṣetiléwá. Kí ni ká ṣe?

Ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2022 ni ChatGPT jáde. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ìlú New York dí i lórí ẹ̀rọ wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù Karùn-ún, wọ́n ti ní àwọn yóò ṣí i. Oṣù mẹ́rin lòfin yẹn fi wà láyé. Mi ò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ̀rù ló bà wọ́n, ó bà mí náà.

Ẹ̀rọ tí ń mú olè ńkọ́? OpenAI, àwọn tó ṣe ChatGPT, gbé irú rẹ̀ jáde lọ́dún 2023. Àwọn fúnra wọn sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún ìwé tí ẹ̀rọ kọ, nǹkan bíi 26 péré ló ń rí mú, pé nínú ọgọ́rùn-ún tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, ó ń pe 9 ní ti ẹ̀rọ. Kó tó pé oṣù mẹ́fà wọ́n ti gbé e kúrò. Ẹ wo kíláàsì yín, kẹ́ ẹ ṣírò iye ọmọ tó máa sunkún lórí ohun tí kò ṣe.

Èmi máa ń pe ọmọ náà jókòó ni. Màá ní kó sọ ìdí tó fi lo ọ̀rọ̀ kan báyìí, tàbí kó sọ ohun tó kọ́kọ́ kọ síbẹ̀ tó wá pa rẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ti tó. Ẹni tó kọ ọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi jiyàn. Ẹni tí kò kọ ọ́ á máa wo ìwé náà bí ẹni tó ṣí lẹ́tà onílẹ́tà. Bí ọmọ bá pọ̀ jù fún ìyẹn, kí wọ́n kọ ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ lójú mi ní kíláàsì. Ó ń jẹ àkókò, mo mọ̀. Ohun tí ìyẹn sì gbà lọ́wọ́ mi ni iṣẹ́ àṣetiléwá méjì lóṣù tí mi ò fún wọn mọ́, ẹnikẹ́ni ò tíì béèrè wọn lọ́wọ́ mi.

Ṣé kí a gba fóònù lọ́wọ́ wọn?

Faransé ṣòfin rẹ̀ lọ́dún 2018 fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ tó wà fún ọmọ tí kò tíì ju ọdún 15 lọ. Nígbà tí UNESCO ka àwọn orílẹ̀-èdè lọ́dún 2023, àwọn tó ní irú òfin bẹ́ẹ̀ kò tíì pé ìdá kan nínú mẹ́rin. Wọ́n ti ń pọ̀ sí i látìgbà náà. Èmi fara mọ́ kí fóònù wà nínú àpò nígbà ẹ̀kọ́. Tíṣà náà ńkọ́? Tèmi náà wà nínú àpò.

Àmọ́ kí òfin fi ààyè sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan wà tí ojú rẹ̀ ò ríran dé pátákó. Gbogbo sáà kan la fi ń pè é ní aláìfọkànsí. Ọjọ́ tí mo gbà kó ya pátákó sínú fóònù, kó wá fi ìka méjì fẹ̀ ẹ́, ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ da iṣẹ́ kọ délẹ̀. Ó ṣe díẹ̀ kí wọ́n tó ra awò ojú fún un.

Ẹ̀rọ wo lẹ ẹ̀yin fẹ́ràn jù?

Pátákó. Bátìrì rẹ̀ kì í kú. Lẹ́yìn rẹ̀, ohunkóhun tó bá ń bi ọmọ ní ìbéèrè tó sì ń sọ fún un lójú ẹsẹ̀ bóyá ó gbà á. Lọ́dún 2006, Roediger àti Karpicke, àwọn olùṣèwádìí nípa bí ènìyàn ṣe ń rántí nǹkan, fi hàn pé àwọn tó kàwé tán tí wọ́n wá dán ara wọn wò rántí ju àwọn tó kàn ń tún un kà lọ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Fóònù lè ṣe ìyẹn. Ègé bébà náà lè ṣe é.

Ìgbà Kòrónà ò ha ti fi hàn pé a lè gbé ẹ̀kọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá?

Ohun tó fi hàn mí yàtọ̀ síyẹn. Lọ́dún 2020, nígbà tó le jù, UNESCO ka akẹ́kọ̀ọ́ tó tó bílíọ̀nù 1.6 tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn tì, ní orílẹ̀-èdè tó ju 190 lọ. UNICEF ní ó kéré tán mílíọ̀nù 463 nínú àwọn ọmọ náà ni ẹ̀kọ́ àtòkèèrè kankan ò dé ọ̀dọ̀ wọn, ì báà ṣe ti íntánẹ́ẹ̀tì, ti tẹlifíṣọ̀n tàbí ti rédíò. Àwọn tó sì dé ọ̀dọ̀ wọn sanwó rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Lọ́dún 2022, Human Rights Watch, àjọ tí ń gbèjà ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, yẹ ètò ìkẹ́kọ̀ọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tó ju 160 lọ wò, èyí tí ìjọba 49 fọwọ́ sí nígbà náà. Ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló ń ṣọ́ ọmọ, tàbí tó lè ṣọ́ ọ, lọ́nà tó tẹ ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ tàbí tó fi í wewu. Tíṣà ló ní kí wọ́n ṣí i, torí ìjọba ló ní kí tíṣà ní kí wọ́n ṣí i. Èmi náà wà níbẹ̀, mo tẹ "Mo gbà" lórúkọ ogójì ọmọ láìka ìlà kan.

Ibo ni ohùn tíṣà wà nígbà tí wọ́n bá ń ṣòfin ètò-ẹ̀kọ́?

Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń dé lẹ́yìn tí wọ́n ti fọwọ́ sí i tán.

Lọ́dún 2002, Ààrẹ George W. Bush fọwọ́ sí òfin No Child Left Behind ní Amẹ́ríkà. Òfin náà ní kí gbogbo ọmọ, láìku ẹnì kan, máa yege nínú ìwé kíkà àti ìṣirò nígbà tó bá fi di ọdún 2014. Kò sí ìpínlẹ̀ kan tó dé ibẹ̀. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń yan ìdánwò tirẹ̀, torí náà àwọn kan sọ ọ̀pá náà kalẹ̀ kí àwọn ọmọ lè fò ó. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ bu àkókò nínú ìtàn, orin àti sáyẹ́ǹsì láti fi kún ohun tí wọ́n máa wọ̀n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2015 ni wọ́n fi òfin mìíràn rọ́pò rẹ̀. Donald Campbell, onímọ̀ nípa ìwà ènìyàn láwùjọ, ti kìlọ̀ irú rẹ̀ láti àwọn ọdún 1970: bí wọ́n bá ṣe ń fi nọ́ńbà kan ṣèdájọ́ ènìyàn tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ènìyàn yóò ṣe máa wá ọ̀nà láti yí nọ́ńbà náà.

Mo ti yí nọ́ńbà rí. Fọ́ọ̀mù kan ń wá láti ọ́fíìsì kan, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ní ká kọ wákàtí tí àwọn ọmọ fi "lo ẹ̀rọ" lọ́sẹ̀. Kò sí ibì kan tí wọ́n ti béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe. Lọ́jọ́ kan, íntánẹ́ẹ̀tì ti já láti òwúrọ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì wà lórí tábìlì, àwọn ọmọ ń fi ojú rẹ̀ tó ṣókùnkùn ṣe dígí, wọ́n ń wo eyín ara wọn. Wákàtí méjì la kọ sí fọ́ọ̀mù, torí wákàtí méjì ni ẹ̀rọ fi wà lórí tábìlì. Èmi ni mo fọwọ́ sí i.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ kan wá bi wá léèrè bí ètò tábúlẹ́ẹ̀tì náà ṣe ń lọ, ọ̀pọ̀ wa ló ní èrò, àwọn mìíràn tilẹ̀ bínú. Èmi ní àkọsílẹ̀ 14 tó ní déètì: ẹ̀kọ́ tí mo fi ẹ̀rọ kọ́, ìṣẹ́jú tó bá ìṣòro lọ, ohun tí ọmọ mẹ́ta sọ nígbẹ̀yìn ẹ̀kọ́. Ọ̀kan nínú wọn ní kí n tẹ ẹ̀dà fún òun. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n mú lò níbẹ̀, pé kí àwọn ọmọ kéékèèké máa fi àwòrán wọlé dípò páswọ́ọ̀dù. Yòókù wà nínú dúrọ́ọ̀ ẹnì kan.

Wọ́n fẹ́ ra ẹ̀rọ fún ilé-ẹ̀kọ́ wa. Kí ni kí n béèrè?

Ta ló máa tún un ṣe bó bá bàjẹ́, ọjọ́ mélòó sì ni? Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì? Níbo ni orúkọ àti máàkì àwọn ọmọ ń lọ, ṣé a sì lè gbà á padà tí àdéhùn bá parí? Èyí tí wọn kì í fẹ́ gbọ́ ni èyí: kí la máa dẹ́kun kíkọ́ kí àyè lè gba nǹkan yìí? Ẹ béèrè níwájú ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ máa kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀. Ohùn ènìyàn máa ń yí padà nígbà tí báírò bá ń rìn.

Mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lónìí. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èrò yín nípa ètò-ẹ̀kọ́. Ẹ mú àṣìṣe ọmọ kan ṣoṣo tó yà yín lẹ́nu lónìí, ẹ kọ ọ́ bí ọmọ náà ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, ẹ fi déètì sí i, ẹ wá bi ara yín pé ta ló kọ́ ọ. Inú ìwé àjákọ ni kó kọ́kọ́ wà. Èyí tí mo kọ lálẹ́ àná kò ju ìlà mẹ́rin lọ:

"Ìwọ̀n gígùn. Ó ní gígùn pẹ́ńsù òun jẹ́ 13. Mo ní 12 ni. Ó gbé rúlà wá. Nọ́ńbà 1 ló ti bẹ̀rẹ̀, kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Mo wo rúlà tí mo fi ń kọ́ wọn: ibi tí òdo wà ti ya kúrò."